ÀGBÀRÁ Ọ̀RỌ̀: Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Ìjíròrò Orí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dojú Kọ Sípáàmù

1. Ìfáárà



Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn mi kò gùn. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí: ẹni tí ó ń sọ ọ́, ẹni tí ó ń gbọ́ ọ, àti àyè tí a ti ń sọ ọ́. Sípáàmù, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti àjòjì, wàhálà ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ni, tí ó pọ̀ débi pé kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ìtàn ojúde ìjíròrò kan wò, èyí tí a ń pè ní Usenet. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Lára rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ rí bí àgbàrá ọ̀rọ̀ ṣe ń wó ilé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán oríṣiríṣi ọ̀nà wò láti dí i. Ohun méjì ni a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkíní ni pé àwọn tí ó kojú àgbàrá náà dáradára kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ; iye ìgbà tí a sọ ọ́ ni wọ́n kà. Èkejì ni pé níbi tí wọ́n ti kùnà, kì í ṣe ọgbọ́n ni ó tán. Ẹni tí yóò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni kò sí mọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ ṣáájú wa pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un.

2. Kí ni sípáàmù?

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí a mọ ibi tí orúkọ yìí ti wá. Ní ọdún 1937, ilé-iṣẹ́ Hormel ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀ inú agolo kan tí wọ́n sọ ní Spam. Ní àkókò ogun àgbáyé kejì àti lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ẹran tútù ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ẹran agolo yìí ni ó wà káàkiri, ó sì sú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, àwọn òṣèré Monty Python ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan lórí tẹlifíṣàn BBC. Àwọn méjì kan wọ ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oúnjẹ kan níbẹ̀ tí kò ní Spam nínú. Bí wọ́n bá sì ti fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ a bú sórin, wọn a máa pe orúkọ ẹran náà léraléra títí ohùn àwọn yòókù yóò fi rì. Láti inú eré yìí ni àwọn tí ó ń lo kọ̀ǹpútà ti mú orúkọ náà fún ìwà ẹni tí ó bá ń da ọ̀rọ̀ kan náà bo ìjíròrò mọ́lẹ̀.

A lè túmọ̀ sípáàmù báyìí: ọ̀rọ̀ kan náà, tàbí irú rẹ̀, tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò béèrè fún un, ní ọ̀nà tí ìnáwó rẹ̀ fi ń wọ ọrùn àwọn tí ó gbà á ju ọrùn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ lọ. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ìtumọ̀ yìí: àwítúnwí, àìbéèrè, àti ìnáwó. Ó yẹ kí a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yẹ̀ wò lójú àṣà wa, nítorí pé èkíní àti èkejì nìkan kò tó láti sọ ọ̀rọ̀ di ẹ̀bi.

Yorùbá kò kórìíra àwítúnwí. Oríkì kò lè ṣe aláìní in, bẹ́ẹ̀ ni ìjálá àti ẹkún ìyàwó. Ṣùgbọ́n àwítúnwí inú orin ní elégbè. Ẹni kan a lé e, àwọn yòókù a gbè é. Bí kò bá sì wù wọ́n láti gbè é, orin náà parí. Nítorí náà, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùgbọ́ ni ó ń gbé àwítúnwí ró.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò kórìíra ọ̀rọ̀ tí a kò béèrè. Akéde ọba a máa lu agogo káàkiri ìlú fún àwọn tí kò ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ ẹni tí ó rán an, a sì mọ ilé tí a ó gbà lọ bí ìkéde náà kò bá tọ́. Ìpolówó ọjà pàápàá, tí àwọn onímọ̀ ti kà mọ́ lítíréṣọ̀ alohùn wa, etí ẹni tí kò bèèrè ni ó máa ń bọ́ sí. Obìnrin tí ó ń kiri ẹ̀kọ ń polówó fún ẹni tí ebi kò pa. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń rìn, ọ̀fun ara rẹ̀ ni ó sì fi ń ké. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò dákẹ́. Àárẹ̀ ọlọ́jà ni odi tí ó ń dáàbò bo etí ará ìlú.

Kọ̀ǹpútà ni ó wó odi yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation, fi ìkéde ọjà ránṣẹ́ sí ènìyàn bí i 400 lórí ARPANET, tí í ṣe ìyá íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ àwọn àdírẹ́sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, àárẹ̀ ṣì ní ipò tirẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1994, ètò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà ti lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá ń sùn. Ẹni tí ó ń polówó kò rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń gbọ́ nìkan ni ó kù tí ó ń rẹ̀.

3. Usenet: ìlú tí kò ní ọba

Ní ọdún 1979 ni Tom Truscott àti Jim Ellis, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duke ní North Carolina, gbèrò Usenet. Ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1980. Kò ní kọ̀ǹpútà kan tí í ṣe olú-ilé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yunifásítì kan a máa fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí a kọ sórí rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n jọ ní àdéhùn, èyí náà a sì fi fún òmíràn, bí ìgbà tí ìròyìn ń ti agboolé kan bọ́ sí èkejì títí yóò fi kárí ìlú. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ ìjíròrò gẹ́gẹ́ bí kókó tí ó dá lé. Ẹgbẹ́ wà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, fún kọ̀ǹpútà, fún orin, àti fún àṣà orílẹ̀-èdè gbogbo. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní òkè òkun ní ẹgbẹ́ tiwọn níbẹ̀, tí ó ń jẹ́ soc.culture.nigeria.

Ohun méjì nípa ìlú yìí ni kí a fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé kò ní ọba. Alábòójútó kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu ẹgbẹ́ tí yóò gbà wọlé àti èyí tí kò ní gbà, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Èkejì ni ọ̀nà tí a ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ púpọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ mẹ́ta rí ọ̀rọ̀ òun, ó lè kọ orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí orí ẹ̀dà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà yóò tọ́jú ẹ̀dà kan náà, ẹni tí ó bá sì ti kà á nínú ẹgbẹ́ kan kò ní tún bá a pàdé nínú èkejì. Ṣùgbọ́n ó tún lè fi ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà ni yóò tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta, ẹni tí ó ń ka ẹgbẹ́ mẹ́ta yóò sì ka ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí yóò wúlò fún wa níwájú.

4. Àgbàrá dé

Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta ni a ó mẹ́nu bà, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1993, ẹnì kan tí ó fẹ́ tún Usenet ṣe dán ètò kọ̀ǹpútà kan wò, tí ó yẹ kí ó máa yọ ọ̀rọ̀ tí kò bójú mu kúrò. Àṣìṣe wà nínú ètò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lóhùn, ó sì da ọ̀rọ̀ bí i 200 sínú ẹgbẹ́ news.admin.policy. Nígbà náà ni àwọn ará Usenet bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Spam pe irú ìkún omi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ohun tí a fi ń dí àgbàrá lè di àgbàrá fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1994, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà fi ìkéde pé Jésù ń bọ̀ láìpẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tí ó lè dé. Kò ta ọjà kankan. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń da ọ̀rọ̀ bo ìlú lè ní ọkàn rere.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1994 kan náà, tọkọtaya agbẹjọ́rò kan ní ìpínlẹ̀ Arizona, Laurence Canter àti Martha Siegel, fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tí ó lé ní 5,500, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń polówó kò ṣàjèjì sí wa: lọ́tìrì káàdì ìgbé-ayé Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ̀wé sí ní àwọn ọdún 1990 àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń gba owó láti bá ènìyàn kọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ránṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀ fún ìjọba nígbà náà. Inú bí àwọn tí ó rí i. Lẹ́tà ìbínú tí wọ́n fi dá wọn lóhùn pọ̀ débi pé ó dá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó so wọ́n mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì dúró léraléra, ilé-iṣẹ́ náà sì já wọn kúrò. Ṣùgbọ́n tọkọtaya náà kò tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àwọn rí oníbàárà púpọ̀, wọ́n sì kọ ìwé láti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń ṣe é. Ní ọdún 1997, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Tennessee gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Canter. Ìpolówó yìí sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Kí ọdún náà tó dé, àwọn mìíràn ti ń tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ kẹta nìyí: ìbínú kì í dí àgbàrá. Nígbà mìíràn, òun pàápàá a máa fi kún omi.

5. Àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbà dí i

Nígbà tí ìbínú kò ṣiṣẹ́, àwọn ará Usenet jókòó ronú. A lè pín ọ̀nà tí wọ́n gbà sí márùn-ún.

(a) Kíkà dípò dídájọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ sípáàmù? Bí a bá ní kí a wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ, ìjà dé nìyẹn. Oníwàásù gbà pé ọkàn ènìyàn ni òun ń gbà là, agbẹjọ́rò gbà pé òwò ni òun ń ṣe. Bí a bá pa ti agbẹjọ́rò rẹ́ tí a dá ti oníwàásù sí, a ti di adájọ́ lórí ẹ̀sìn àti òwò; ẹni tí ó bá sì gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lónìí lè fi í pa ọ̀rọ̀ òṣèlú rẹ́ lọ́la. Wọ́n yẹra fún pàkúté yìí. Wọ́n fi ẹnu kò pé iye nìkan ni a ó wò, wọ́n sì gba òṣùwọ̀n kan tí a fi orúkọ Seth Breidbart, ẹni tí ó gbé e kalẹ̀, pè.

Bí òṣùwọ̀n náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, a ó wo iye ẹgbẹ́ tí a kọ sí orí rẹ̀, a ó sì wá nọ́ḿbà tí ó jẹ́ pé bí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, iye ẹgbẹ́ yẹn ni yóò fún wa: fún ẹgbẹ́ 1, ó jẹ́ 1, fún ẹgbẹ́ 9, ó jẹ́ 3, fún ẹgbẹ́ 16, ó jẹ́ 4. Lẹ́yìn èyí, a ó ro ti gbogbo ẹ̀dà pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá pé 20 láàárín ọjọ́ 45, ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí a lè fagi lé. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹni tí ó fi ẹ̀dà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ 9 papọ̀ gba 3 péré. Ẹni tí ó fi ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ 9 kan náà gba 9. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ 20 ti dé ojú ààlà, nígbà tí ẹni tí ó lo ẹ̀dà kan ṣoṣo yóò kọ orúkọ ẹgbẹ́ 400 sí orí rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí kò bèèrè bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tàbí irọ́. Ohun tí ó ń wọ̀n ni ìnira tí a fi wọ ọrùn àwọn ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ ìṣirò lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

(b) Ìfagilé. Ṣáájú ìgbà náà ni ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ lórí Usenet ti lè fi àṣẹ ránṣẹ́ tẹ̀lé e pé kí gbogbo kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Nígbà tí àgbàrá dé, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú àṣẹ yìí pa ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwọn rẹ́. Arnt Gulbrandsen, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Norway, ṣe ètò kan ní ọdún 1994 tí ó ń fagi lé ìpolówó Canter àti Siegel bí ó bá ti ń jáde. Ẹlòmíràn tí ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, tí ó ń jẹ́ Cancelmoose, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A sì máa kéde ohun tí ó fagi lé àti ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, ẹnì kan lo irú àṣẹ yìí láti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú onírúurú ẹgbẹ́, títí kan ti àwọn Júù àti ti àwọn Mùsùlùmí, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn da ọ̀rọ̀ bo ìlú. Wọ́n tún gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀, tí a ń pè ní NoCeM. Nínú èyí, a kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ́ mọ́. Aṣọ́nà a kàn fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn ọ̀rọ̀ báyìí báyìí jẹ́ sípáàmù. Òǹkàwé tàbí alábòójútó tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e yóò fi wọ́n pamọ́, ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ yóò máa rí wọn.

(d) Ìyàsọ́tọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá jẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa da sípáàmù sóde tí kò sì gbọ́ ìkìlọ̀, àwọn alábòójútó a fi ẹnu kò láti má gba ọ̀rọ̀ kankan mọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdájọ́ ikú ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, wọ́n ṣe é fún UUNET, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó gbé ìgbésẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ìyà yìí múná, ṣùgbọ́n aláìṣẹ̀ a máa jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́ṣẹ̀.

(e) Oníbodè. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní adarí tí ó ń ka ọ̀rọ̀ kí ó tó jáde, gẹ́gẹ́ bí oníbodè ti ń yẹ ẹrù wò kí ó tó wọ ìlú láyé àtijọ́. Irú rẹ̀ ni comp.risks, tí ó dá lórí ewu tí kọ̀ǹpútà lè fà, tí Peter G. Neumann bẹ̀rẹ̀ sí í darí ní ọdún 1985. Ọ̀nà yìí ni ó mọ́ jù, òun náà ni ó sì wọ́n jù, nítorí pé ọjọ́ tí oníbodè bá ṣàìsàn, ìjíròrò dúró.

(ẹ) Asẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, Paul Graham kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bí a ṣe lè fi ìṣirò ṣe asẹ́ fún lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó kó ọ̀pọ̀ sípáàmù àti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gidi fún kọ̀ǹpútà, yóò sì ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn nínú òkìtì méjèèjì. Bí lẹ́tà tuntun bá dé, yóò wo òkìtì tí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sún mọ́ jù. Asẹ́ yìí dín làálàá kù púpọ̀, irú rẹ̀ sì ti di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá jọ̀ sínú rẹ̀ ni ó ń fi kọ́gbọ́n. Bí a kò bá fún un ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó pọ̀ tó, kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkéde ìsìnkú àti ìpolówó èké ní èdè Yorùbá.

6. Ibi tí àgbàrá ti wọlé

Bí a bá wo ọ̀nà márààrún yìí, a ó rí i pé ọgbọ́n kò wọ́n wọn. Kí ló dé tí ilé fi wó?

Ìdáhùn wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1998. Àwọn tí ó ń fagi lé sípáàmù, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó, dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe ni kò jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ rí bí omi ti pọ̀ tó, nítorí náà ni àwọn tí ó ń jèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣe ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Ẹni tí ó ń da ọ̀rọ̀ síta kò náwó. Ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e wọlé ń gba owó. Ẹni tí ó ń kó o kúrò nìkan ni kò gba nǹkan kan, òun ni kò sì gbọdọ̀ sùn. Kò sí ìlú tí ó lè fi irú ètò bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ènìyàn kó lọ sí ibòmíràn. Ilé-iṣẹ́ Google, tí ó ti ra àkójọ ọ̀rọ̀ Usenet àtijọ́ ní ọdún 2001, sọ Google Groups di ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà wọ Usenet. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2023, ẹnu ọ̀nà kan náà yìí ni àgbàrá ìpolówó ń gbà wọlé sínú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè kọ̀ǹpútà ṣì ń lò. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Google kéde pé òun yóò ti ẹnu ọ̀nà náà. Ó sì tì í ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2024, ó ní ìlò tòótọ́ ti dín kù, àti pé sípáàmù wà lára ohun tí ó kún Usenet. Ìlú náà kò pa run, àwọn kan ṣì ń gbé inú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúde gbogbo ayé mọ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024 kan náà, àgbàrá mìíràn kọlu Mastodon, tí òun náà jẹ́ àkójọ ilé kéékèèké tí kò ní olórí kan. Àwọn tí ó ṣe é kò fi ipá fọ́ ilẹ̀kùn ńlá kankan. Wọ́n wá àwọn ilé kékeré tí olówó wọn ti gbàgbé, tí ilẹ̀kùn wọn sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti forúkọ sílẹ̀. Láti inú wọn ni wọ́n ti da ọ̀rọ̀ sí ojú gbogbo ènìyàn. Ilé tí a pa tì ní àdúgbò, inú rẹ̀ ni olè ń sá pamọ́ sí.

7. Àwa ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò lo Usenet rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, yálà ti ẹbí, ti ìjọ, ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ọmọ ìlú. Àgbàrá tiwa ni àdúrà tí a ní kí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, oògùn tí ń wo gbogbo àrùn, àti òwò tí ń sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méje. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà dárúkọ sípáàmù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í da iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rú ni ó dojú kọ, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín tí ó ń fi àdúrà ránṣẹ́ ní ìdájí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n náà, àwa fúnra wa ni yóò yanjú rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí WhatsApp fúnra rẹ̀ gbà jọ òṣùwọ̀n Breidbart. Ilé-iṣẹ́ náà fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti ọ̀rọ̀ wa, kò lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò lè dájọ́ rẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó ka ìgbésẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti gbé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ó fi òfin dè é káàkiri ayé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ darí ọ̀rọ̀ kan sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ó ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ti gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kọjá, ibi kan ṣoṣo ni a lè darí rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí òfin yìí ṣe ni pé ó dá àárẹ̀ ọlọ́jà padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé gbọ́ ṣì lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìka tirẹ̀ ni yóò rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewu níhìn-ín kì í ṣe ìdùnnú ara lásán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í jáde, nítorí pé ojú ń tì wọ́n. Ṣe ni wọ́n ń pa ohùn rẹ̀ mọ́. Wọ́n wà níbẹ̀, wọn kò sì sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí a bá wá kéde pé ẹnì kan nílò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tàbí pé ìpàdé lórí ilẹ̀ ẹbí ti bọ́ sí ọ̀la, àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ kò ní gbọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tí a lè kà, kì í ṣe èyí tí a ó máa jiyàn lé: ọ̀rọ̀ àtagbà mélòó ni ẹnì kan lè fi síbẹ̀ lójúmọ́? Kí òfin náà sì mú ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, pásítọ̀ àti àlùfáà, bákan náà. Ìkejì, kí a má ṣe dá ẹnì kan ṣoṣo sí ẹnu ọ̀nà; kí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ìkẹta, bí a bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, kí a sọ ọ́ ní gbangba pé a yọ ọ́ àti ìdí rẹ̀, kí ẹni tí ó ni ín lè wí tẹnu rẹ̀. Ìkẹrin, ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí, bí ti ìgbéyàwó tí a ti ṣe kọjá, kí a tì í pa.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àwítúnwí tàbí àìbéèrè nìkan kọ́ ni ó sọ ọ̀rọ̀ di sípáàmù. Ìnira tí a gbé kúrò lọ́rùn asọ̀rọ̀ sí ọrùn olùgbọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀. A ti rí i pé àwọn ará Usenet wá ọ̀nà tí wọn yóò fi dáàbò bo etí láìdí ẹnu, àti pé ọ̀nà náà ni kí a ka iye, kí a ṣe é ní gbangba, kí a sì fún ẹni tí a dá lẹ́kun ní àyè láti fèsì. A sì ti rí i pé ọgbọ́n yìí kò gba ìlú wọn là, nítorí pé àwọn díẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo ìṣọ́ sílẹ̀ fún, wọn kò sì gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n.

Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ohun tí a jà fún ní ilẹ̀ yìí, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ ara wa ta á nítorí ariwo. Ṣùgbọ́n òmìnira náà ní èkejì tí a kì í sábà dárúkọ: ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ, pé kí ohùn rẹ̀ dé etí tí ó wà fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo ẹ̀tọ́ kejì yìí ní láti gba ìṣọ́ tirẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án.